Nígbà Tí Omi Bá Kọjá 32 767

14 Oṣù Kẹsàn-án
Ìrọ̀lẹ́ àná ni mo dé Aïn Dorra. Òtútù ti bẹ̀rẹ̀ níbí, nígbà tí oòrùn ṣì ń jó àwọn èèyàn wa ní Douz, ní aṣálẹ̀ gúúsù. Ilé Màmá Wassila ni mo gba yàrá sí. Opó ni, ilé rẹ̀ sì wà ní Àdúgbò Ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ odò gan-an. Kò sí omi nínú odò náà. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ orúkọ mi, màmá bú sẹ́rìn-ín. "Mabrouka! Orúkọ àwọn ìyá ìyá wa nìyẹn o. Ṣé wọ́n ṣì ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀ ní gúúsù?" Mo kàn gbé páálí dàbínù tí ìyá mi fi ránṣẹ́ lé e lọ́wọ́.

16 Oṣù Kẹsàn-án
Ilé iṣẹ́ wà lórí òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáàmù. Èèyàn mẹ́ta péré la jẹ́. Ọ̀gá Lamjed ti ń bójú tó dáàmù yìí láti ọdún mọ́kànlélógún. Ẹ̀gbọ́n Hedhli ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ, àwàdà ló sì ń fi gbogbo ọjọ́ ṣe. Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ tí yunifásítì rán wá fún oṣù mẹ́ta. Bí iṣẹ́ yìí bá yọrí, mo gba ìwé ẹ̀rí. Bí kò bá yọrí, mo padà sídìí igi dàbínù bàbá mi.

Ètò kọ̀ǹpútà kan ló ń ka gíga omi, òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn dáàmù, òun náà ló ń fọn fèrè ìkìlọ̀ fún Àdúgbò Ìsàlẹ̀. Èdè Fortran ni wọ́n fi kọ ọ́, kí wọ́n tó bí mi. Ẹni tó kọ ọ́ ti kú, ìwé tó kọ ọ́ sí ti sọnù, fáìlì tí ẹ̀rọ nìkan lè kà ló ṣẹ́ kù. Ẹ̀gbọ́n Hedhli ń pè é ní Alájì. Kò sẹ́ni tó lè yí Alájì padà. Èmi ni màá fi èdè Python kọ ojú tuntun fún un: Python á gba nọ́ńbà lọ́wọ́ òṣùwọ̀n omi, á gbé e lé Alájì lọ́wọ́, Alájì á pàṣẹ.

19 Oṣù Kẹsàn-án
Omi: 19 400, ìyẹn mítà mọ́kàndínlógún àti díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pe nǹkan ní mítà àti ààbọ̀ níbí. Ẹlẹ́gbẹ̀rún ni wọ́n. Mo bèèrè iye tòmátì, obìnrin náà ní "ẹgbẹ̀rún méjì ó lé igba." Dínárì méjì àti díẹ̀ ló ń sọ, ṣùgbọ́n dínárì kò wọ ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Hedhli sọ fún mi pé bí wọ́n ṣe ń ka owó yẹn náà ni wọ́n ṣe ń ka omi. Ẹni tó kọ Alájì ti bínú sí kọ́mà. Faransé ti kọ́ wọn pé kọ́mà ló ń pín nọ́ńbà sí méjì. Ẹ̀rọ ní òun ò mọ kọ́mà, àmì ìdánudúró lòun mọ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kó nọ́ńbà wọlé, ẹ̀rọ á gé e sọnù níbi kọ́mà. Ni bàbá náà bá fi ẹgbẹ̀rún sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀, ó sì lé kọ́mà kúrò ní dáàmù. Mo rẹ́rìn-ín èmi nìkan lójú ọ̀nà.

26 Oṣù Kẹsàn-án
Alájì dá mi lóhùn lónìí!

Ìwé kan tó gbó nínú kọ́bọ́ọ̀dù ló sọ irú ohun tó ń gbà: odidi nọ́ńbà, báìtì méjì, ìyẹn àyè kékeré tí nọ́ńbà ń gbé nínú ẹ̀rọ. Mo ní kí Python gé nọ́ńbà rẹ̀ sí báìtì méjì kó tó gbé e fún un. Mo fi 19 350 ránṣẹ́, ó dá 19 350 padà. Mo pàtẹ́wọ́ láìmọ̀.

"Ọmọ dàbínù," Ẹ̀gbọ́n Hedhli ní, "ìwọ nìkan ni Alájì ń fetí sí. Èmi tí mo ti ń kí i fọ́dún mẹ́sàn-án, kò tíì wò mí rí."

Ọ̀gá Lamjed wo ojú ẹ̀rọ, ó ní, "Ó dáa." Ẹ̀gbọ́n ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti gbéyàwó.

1 Oṣù Kẹwàá
Lẹ́tà àṣẹ dé láti olú-ìlú: wọ́n pa ojú àtijọ́, wọ́n tan tèmi. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí ni wọ́n gbé ògiri dáàmù ga sí i. Mítà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni tẹ́lẹ̀, ó ti di márùndínlógójì. Ọ̀gá ní kí n tẹ àṣẹ tuntun wọlé: ní 32 000, kí ilẹ̀kùn ṣí; ní 32 500, kí fèrè fọn.

"Omi ò lè débẹ̀ láyé yìí," ó ní. "Ṣùgbọ́n àṣẹ ni àṣẹ."

4 Oṣù Kẹwàá
Wọ́n kírun òjò nínú pápá lẹ́yìn ìlú. Ọ̀dá ti di ọdún karùn-ún. Àwọn ọkùnrin yí inú ẹ̀wù wọn padà síta, kí Ọlọ́run bá wọn yí ojú ọ̀run padà. Mo dúró lẹ́yìn àwọn obìnrin. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀, èmi náà ò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Bí mo bá la ẹnu, ohùn gúúsù ló ń jáde, wọ́n á sì wojú ara wọn.

6 Oṣù Kẹwàá
Òjò.

9 Oṣù Kẹwàá
Òjò ṣì ń rọ̀. 22 100. Àwọn obìnrin ń hó ìhó ayọ̀ láti òrùlé dé òrùlé. Màmá Wassila se kùskùs ẹlẹ́légédé, ó bu fún gbogbo àdúgbò.

13 Oṣù Kẹwàá
Ọwọ́ mi dilẹ̀, mo wá ń bá Alájì ṣeré lórí kọ̀ǹpútà tèmi, níbi tí mo tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí. Mò ń fi nọ́ńbà àròsọ bọ́ ọ. 30 000, ó dákẹ́. 32 000, ó ní kí ilẹ̀kùn ṣí. 32 500, ó fọn fèrè. 32 767, fèrè ń fọn.

32 768. Fèrè dákẹ́. Ilẹ̀kùn tì.

Mo rò pé ọwọ́ mi ló ṣì. Mo tún un ṣe. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Mo bi Alájì pé mélòó ni omi. Ó ní omi jẹ́ 32 768 sísàlẹ̀ òdo. Lójú tirẹ̀, dáàmù ti gbẹ kọjá ìsàlẹ̀ ilẹ̀.

Mo pa kọ̀ǹpútà dé.

14 Oṣù Kẹwàá
"Kí ló dé tí o kàn ń wo oúnjẹ?" Màmá Wassila bi mí.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Mo ní àyè tí wọ́n fún nọ́ńbà nínú Alájì kéré. Tó bá ti kún, kì í dúró. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń já bọ́ sí.

"Áà! Bíi mítà ọkọ̀ olóògbé ọkọ mi!" Ó pàtẹ́wọ́. "Ó sáré dé 99 999, ó padà di òdo. Ló bá tà á fún ará Béja kan, ó ní ọkọ̀ ò tíì rìn rárá!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà gé. "Fèrè wa ń kọ́? Tí fèrè bá dákẹ́, ohun tí a mọ̀ ni pé kí a máa padà sílé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, màmá."

Ó gbé abọ́ kúrò níwájú mi.

Ohun tí mi ò lè sọ fún un nìyí. Nọ́ńbà Python kò lópin. Èmi ni mo ní kó gé e sí báìtì méjì. Ó sì ń gé e láìfọhùn, ìbáà ṣe ìdajì nọ́ńbà ló gé dànù. Ká ní ó pariwo ni, ẹnikẹ́ni á ti gbọ́. Èdè méjì pàdé, wọ́n kí ara wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ọ̀kan sì parọ́ fún èkejì. Èmi ni ògbufọ̀.

15 Oṣù Kẹwàá
Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà Ọ̀gá Lamjed fún ìgbà pípẹ́ kí n tó kan ilẹ̀kùn. Mo fi ohun tí mo rí hàn án. Ó wò ó dáadáa. Kì í ṣe òmùgọ̀, mo fẹ́ kọ ìyẹn sílẹ̀.

"Kí ni oògùn rẹ̀?"

"Ìlà mẹ́ta péré ni, ọ̀gá. Kí nọ́ńbà tó bá ju 32 767 lọ dúró ní 32 767. Fèrè ò ní dákẹ́ mọ́."

"Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣáájú ẹ, ìlà kan péré ló pe tirẹ̀ nínú ojú àtijọ́." Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Òwúrọ̀ ọdún Iléyá ni fèrè fọn, tí kò sì sí omi kankan. Wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ lórí afárá. Ìyá kan kò tíì rìn títí dòní. Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Bọ́tìnnì tí a fi ń fọn fèrè lọ́wọ́, wọ́n tú u lọ, wọ́n ní Alájì nìkan ni kó máa fọn ún. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí láìsí lẹ́tà láti olú-ìlú. Èmi nìkan ni mo mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀. Kọ lẹ́tà. Bí àṣẹ bá dé, èmi fúnra mi ni màá ṣí i fún ẹ."

"Ọ̀gá, bí omi bá—"

"23 000 ni omi wà, Mabrouka. Jẹ́ ká fi ojoojúmọ́ dúpẹ́ ná."

16 Oṣù Kẹwàá
Mo fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ojú ìwé méjì, àwòrán mẹ́rin.

24 Oṣù Kẹwàá
26 900. Àwọn ọmọdé ò gbá bọ́ọ̀lù nínú odò mọ́. Kò sí èsì.

28 Oṣù Kẹwàá
Èsì dé. "A ti rí ìwé yín gbà. A ó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò níbi ìpàdé Oṣù Kejìlá."

Ẹ̀gbọ́n Hedhli kà á sókè bíi pé ìwé ìgbéyàwó ni, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi di ihò tí ẹ̀fúùfù ń gbà wọlé létí fèrèsé. "Ó kéré tán, ó wúlò," ó ní. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì tijú pé mo rẹ́rìn-ín.

2 Oṣù Kọkànlá
29 300. Ilẹ̀ ò mu omi mọ́. Tòmátì di 3 100 nítorí ọ̀nà Béja ti gé. Ìyá mi pè láti Douz, ó ní ojú ọ̀run mọ́ kedere lọ́dọ̀ wọn, ó ní kí n máa wọ ìbọ̀sẹ̀. Mo ní kò sí wàhálà. Nígbà tí mo pa fóònù, Màmá Wassila ń ká ibùsùn rẹ̀, ó ń gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò wò mí.

6 Oṣù Kọkànlá
31 100. Ẹ̀gbọ́n Hedhli kò ṣàwàdà kankan láti àárọ̀. Mi ò mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ lè bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Lamjed wo nọ́ńbà, ó wá wò mí. "Ọjọ́ mélòó?"

"Mẹ́ta, ọ̀gá. Bí òjò ò bá le sí i."

Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ gómìnà lọ́la láti fi ọwọ́ ara òun gba àṣẹ olú-ìlú wá. Mo ní kó fún mi ní ọ̀rọ̀ ìwọlé kó tó lọ. Ẹnu ya èmi fúnra mi.

"Bí fèrè bá fọn tí kò sí omi, èmi ni wọ́n máa gbé, Mabrouka. Mo ní ọmọ mẹ́rin."

"Bí omi bá wà tí fèrè ò fọn ń kọ́, ọ̀gá?"

Ó di bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, ó tú u, ó tún un dì. Ó jáde.

8 Oṣù Kọkànlá
32 000 ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n omi tó ń wọlé ju èyí tó ń jáde lọ. Alájì ń ṣe dáadáa, ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Afárá ti wó lẹ́yìn Ọ̀gá, kò lè padà wá. Fóònù ò lọ.

9 Oṣù Kọkànlá
Yàrá kíláàsì kan nílé ẹ̀kọ́ orí òkè ni mo ti ń kọ èyí.

Aago kan ọ̀sán ni omi dé 32 500. Fèrè fọn. Láti ojú fèrèsé, mo ń wo àwọn èèyàn tí wọ́n ń gun òkè lọ sílé ẹ̀kọ́: bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí, adìẹ lábẹ́ apá. Ẹnikẹ́ni ò tẹ ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, 32 640.

"Nǹkan bíi wákàtí kan ló kù," mo ní.

Ẹ̀gbọ́n Hedhli ní, "Ṣé ká fa okùn òṣùwọ̀n yọ?"

"Òdo ló máa gbà nígbà náà. Ó ṣì máa dákẹ́."

Ó mú àáké lára ògiri. "Ilẹ̀kùn ò ní tì, ìyẹn dá mi lójú. Màá gé wáyà mọ́tò rẹ̀, bó ṣe ṣí náà ló máa wà. Bí wọ́n bá fẹ́ mú mi, kí wọ́n mú mi. Ṣùgbọ́n fèrè, mi ò ní nǹkan kan tí mo lè ṣe sí fèrè." Ó wò mí. "Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ sọ fún wọn pé tó bá dákẹ́, kí wọ́n má mira. Èmi ló lágbára láti gé wáyà. Sáré."

Mo sáré. Ọ̀nà náà yí òkè po, ó sì ti di ẹrẹ̀. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣì wà lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí fèrè gé, gan-an bó ṣe gé lórí kọ̀ǹpútà mi. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìdákẹ́jẹ́ náà kò gùn. Obìnrin kan hó ìhó ayọ̀, òmíràn gbà á. Ọkùnrin kan ti ń gbé mátíráàsì rẹ̀ lé orí. "Ẹ jẹ́ ká lọ gbẹ́ omi nílé kí ilẹ̀ tó ṣú!"

Mo wọ inú kíláàsì, mo gun orí àga olùkọ́. Mo ní, "Ẹ má lọ." Kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo kígbe ẹ̀. Ohùn gúúsù náà jáde, gbogbo ojú yí sí mi.

"Ta nìyẹn?"

"Ọmọ Wassila ni, àjèjì yẹn."

"Fèrè ti dákẹ́, ọmọ mi, sọ̀ kalẹ̀."

"Kì í ṣe torí pé omi lọ sílẹ̀ ni fèrè fi dákẹ́! Omi ti ga ju iye tó lè kà lọ! Ẹ̀rọ rò pé ó ti gbẹ! Èmi ni mo kọ ọ́, mo mọ̀!"

Ọkùnrin mátíráàsì rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo kọ ọ́? Wọ́n ti gba dàbínù ṣiṣẹ́ ní dáàmù báyìí?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ni Màmá Wassila bá dìde, ó gbé àga kan lọ sẹ́nu géètì, ó jókòó, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dí ọ̀nà.

"Hamadi," ó ní fún ọkùnrin náà, "èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ. Tí o bá máa kọjá, orí mi ni wàá gbà."

Hamadi sọ mátíráàsì kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ jókòó. Ṣùgbọ́n àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ ní ọgbà wáyà lẹ́yìn, ihò sì wà nínú rẹ̀. Èèyàn mọ́kànlá gba ibẹ̀ jáde nítorí àgùntàn wọn. Mo rí wọn láti ojú fèrèsé. Mo pè wọ́n títí ohùn mi fi há. Ọ̀kan nínú wọn juwọ́ sí mi, bí wọ́n ṣe ń juwọ́ sí ọmọdé.

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́rin... rárá, mo ń kọ ìsọkúsọ. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni odò kọjá etí rẹ̀. Kò wá pẹ̀lú ariwo ńlá. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí wọ́n ti pò mọ́ mílíìkì. Ó wọ òpópónà wa bí ẹni tó mọ ilé.

Méje nínú àwọn mọ́kànlá padà wá.

10 Oṣù Kọkànlá
Ilẹ̀kùn dáàmù kò tì. Ẹ̀gbọ́n Hedhli lo wákàtí mẹ́tàdínlógún níbẹ̀, nínú omi tó dé orúnkún. Lórí ojú ẹ̀rọ, Alájì ṣì ń sọ pé ilẹ̀ gbẹ.

Wọ́n rí òkú méjì. Wọ́n ṣì ń wá méjì.

11 Oṣù Kọkànlá
Ọkọ̀ àwọn sójà ló gbé Ọ̀gá Lamjed padà wá. Lẹ́tà àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, òjò ti fọ tádàwà rẹ̀ dànù. Kò bá mi wí, kò bẹ̀ mí. Ó jókòó sórí àga mi, ó tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé, ó sì dìde fún mi. Mo kọ ìlà mẹ́ta náà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ó dúró lẹ́yìn mi. Mo rò pé ìlà náà ló ń kà.

"Ní Oṣù Kẹwàá," ó ní, "iṣẹ́ rẹ wù mí gan-an. Wọ́n ń lo Alájì ní dáàmù Sidi Khlaf náà. Mo fi ẹ̀dà ojú tuntun rẹ ránṣẹ́ sí wọn. Mo ní kí wọ́n wo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣe."

Mo yíjú padà. "Wọ́n gbé ògiri tiwọn náà ga?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì."

Fóònù ti ń lọ láti òwúrọ̀. Ó tẹ nọ́ńbà náà, ó sì na fóònù sí mi, nítorí ó ní òun ò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́. Ọkùnrin kan gbé e. Mo sọ orúkọ mi. Mo ní èmi ni mo kọ ojú ẹ̀rọ yín, mo ní kó sọ iye omi fún mi kíákíá.

"Àbúrò, ìwọ ni!" Inú rẹ̀ dùn. "Ẹ ṣeun o. Omi yẹn dẹ́rù bà wá gan-an láti àná, ṣùgbọ́n ó ti tán. Fèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ nísinsìnyí. Àwọn èèyàn ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé."